Ẹnu Bàbá Taoheed, láti Ìkẹjà dé Ọ́kílándì

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò gẹ irun yín kó dán ní Ìdí-Oró, ẹ lọ bá ọkọ àǹtí mi. Bó bá jẹ́ ẹni tí yóò bá yín pa àṣírí mọ́ lẹ ń wá, ẹ yà síbòmíràn. Tìrìmísíyù lorúkọ rẹ̀, Bàbá Taoheed ni àdúgbò ń pè é, Ẹ̀gbọ́n sì ni èmi ń pè é. Ẹ má bínú pé mò ń sọ pé “ó” níbi tó yẹ kí n ti sọ pé “wọ́n”. Níwájú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́ ẹnu àgbàlagbà láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ títí di ọ̀sán Jímọ̀, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìsinmi díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé.

Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni, ó wọ Mushin nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó sì kọ́ṣẹ́ irun lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí kì í sọ̀rọ̀. Mo gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yẹn kò sọ ló kó sí Ẹ̀gbọ́n nínú. Kò lè rí orí nínú àga kó má bá ẹni tó ni orí tàkúrọ̀sọ, orí tó sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ kò lè dìde sá lọ. Nítorí náà, tí ọbẹ̀ bá jóná nílé wọn, Ìdí-Oró á ti gbọ́ kí èéfín tó tán nínú kíṣìnnì. Kì í fi í ṣe ibi. Ayọ̀ ló máa ń pọ̀ jù fún un. Ohun rere tó bá ṣẹlẹ̀ sí i tí kò tíì rò fún ẹnìkan, lójú tirẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ òfin ìrìn àjò nílùú yìí. Ẹni tó ń lọ òkè òkun kì í sọ. Tí wọ́n bá béèrè, Ìlọrin ló ń lọ. Tí wọ́n bá rí àpótí, ẹrù ẹlòmíràn ni. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀ ọ̀hún tán ni àdúgbò tó gbọ́, kí ayé má baà fọwọ́ fa ọkọ̀ òfurufú sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mọ òfin yìí dáadáa. Ó kàn gbà pé àwọn oníbàárà òun kò sí lára ayé tí òfin náà ń sọ ni.

Nígbà tí Taoheed, àkọ́bí rẹ̀, ń lọ Jámánì, Ẹ̀gbọ́n sọ ọjọ́, ó sọ àkókò, ó sọ àwọ̀ àpótí. Taoheed lọ sí Ìkẹjà ní ọ̀sán, ó padà wá jẹ àmàlà alẹ́ nílé. Ìwé kan ló ní àléébù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí fẹnu kò pé ẹnu ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí ìwé wá pé, Taoheed sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan n'Ílọrin. Ẹ̀gbọ́n bá a gbé báàgì dé gáréèjì Jíbówú, ó gbàdúrà fún awakọ̀, ó juwọ́ títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí Taoheed fi sọ̀ kalẹ̀, tó sì gba Ìkẹjà lọ.

Ọ̀jẹ̀túndé ló fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí. Àgbàlagbà kan nìyẹn tó fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìgánmú, tó wá sọ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n di ọ́fíìsì rẹ̀ tuntun. Ó na fóònù sí Ẹ̀gbọ́n, ó ní, “Bàbá Taoheed, ṣé Ìlọrin ni yìnyín ti bo ilẹ̀ báyìí?”

Taoheed ló wà nínú àwòrán, ó wọ kóòtù tó nípọn bíi tìmùtìmù. Ẹ̀gbọ́n wò ó. Sylvester tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti gẹ apá kan orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ sílé, Sylvester sì gbé orí alápá kan lọ títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ nǹkan Ẹ̀gbọ́n ni mo ti fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dùn ún wọ eegun pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ka òun mọ́ ayé.

Nígbà tó wá kan Haleemah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ìyẹn, ọkọ rẹ̀ Àmínù sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọ́kílándì, ní ìpẹ̀kun ayé lọ́hùn-ún. Àmínù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí i nílé, ó ti padà, ó wá ku kí Haleemah lọ bá a. Haleemah kò fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ rárá. Àǹtí mi Mujeebah ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Tó o bá tún tan bàbá yín lọ sí Jíbówú lẹ́ẹ̀kejì, ojú wọn ò ní gbà á mọ́ láti wọ ṣọ́ọ̀bù.”

Ó mú bàbá rẹ̀ jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Èmi náà wà níbẹ̀.

“Dádì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Tó bá jáde kí n tó balẹ̀ níbi tí mò ń lọ, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn lọ, ẹnu Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé lẹ ó ti máa gbọ́ nípa mi. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí kì í bá ṣe ayọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.”

Ẹ̀gbọ́n fa àga sún mọ́ ọn. “Sọ ọ́.”

“Mò ń lọ bá Àmínù lọ́jọ́bọ̀.”

“Ọ́kílándì yẹn, báwo ló ṣe jìnnà tó?”

Ẹ̀gbọ́n kò ní òṣùwọ̀n míì tó fi ń wọn ayé ju ọ̀nà Jíbówú sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ lọ, Haleemah sì mọ̀. Ó ní bàálù àkọ́kọ́ yóò gbé òun láti Ìkẹjà dé Dóhà, ó lé ní wákàtí méje. Òun yóò dúró díẹ̀ níbẹ̀, òun yóò wọ èkejì, ìyẹn yóò sì wà lókè fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìndínlógún láìsọ̀ kalẹ̀.

“Wọn ò ní yà níbì kankan ra búrẹ́dì?”

“Wọ́n máa ń fún èèyàn lóúnjẹ nínú ẹ̀, Dádì. Ẹ wo ti Dóhà sí Ọ́kílándì nìkan, bíi kẹ́ ẹ lọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ nígbà ọgọ́ta ni, láìpadà.”

“Kí ló wà lẹ́yìn ibẹ̀?”

“Kò sí lẹ́yìn ibẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀ tán, ẹ ti ń padà bọ̀ wálé nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Mo rò pé jíjìn ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù, àṣé ìṣirò míì ló ń ṣe. Ó ní, “Ó túmọ̀ sí pé láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ títí di ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀.”

“Ẹ lè sọ̀rọ̀, Dádì. Èyí nìkan ni kẹ́ ẹ má sọ.”

“Ọ̀kan náà ni,” Ẹ̀gbọ́n wí.

Bí wọ́n ṣe fi mí ṣe ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Àǹtí mi ló ń sin Haleemah lọ sí Ìkẹjà, ó sì ní ojú mi ló le tó láti dúró ti Ẹ̀gbọ́n. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tà ní Tejúoṣó, ọjà sì ń yá lásìkò náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tèmi? Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo dín ẹyin fún Haleemah kó tó jáde. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn án nímú ló sáré lọ bì. Mo ní ẹ̀rù bàálù ni, kó fi ọkàn balẹ̀. Ó wò mí, ó kàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn aládùúgbò béèrè ibi tí àpótí ń lọ, Ìlọrin ni.

Ẹ̀gbọ́n kò lè ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù títì gan-an ti di ìròyìn. Ó wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó fi gèlè àǹtí mi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ àtàrí, ó ní kí n sọ fún wọn pé eyín ń dun òun. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì aṣọ mi, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé. Wọ́n jókòó, ó gẹ irun wọn, wọ́n dìde. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ yíká, ó ní ṣé wọ́n ti parí lóòótọ́, torí pé òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ mọ̀ pé bàálù tó fẹ́ balẹ̀ n'Íkẹjà máa ń fò lórí Mushin, kò sì sẹ́ni tó ń gbójú sókè wò ó mọ́. Ní ọ̀sán yẹn, ọ̀kan kọjá. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé ariwo rẹ̀ jáde tòun ti ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó gbé ojú sókè, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là lábẹ́ gèlè. Bàálù yẹn ń bọ̀ ni, kì í ṣe pé ó ń lọ, Haleemah kò lè sí nínú rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Eyín ni,” mo sọ fún Ọ̀jẹ̀túndé.

“Irú eyín wo ló ń mú èèyàn wo òkè?” Ọ̀jẹ̀túndé bi mí.

Haleemah ti fi nǹkan kan sórí fóònù bàbá rẹ̀ tó ń fi bàálù hàn bó ṣe ń lọ, bàálù kékeré kan lórí àwòrán ayé. Ẹ̀gbọ́n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ nígbà tá a délé. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, bàálù náà dúró. Ẹ̀gbọ́n já gèlè dànù, ó dìde, ó forí lé bàkónì. Mo sáré dí ẹnu ọ̀nà.

“Ó ti balẹ̀,” ó ní. “Haleemah ní kó má jáde kí òun tó balẹ̀. Ó ti balẹ̀.”

“Dóhà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ó ku ọgọ́ta Ọ̀gbómọ̀ṣọ́.”

Ó ní Haleemah kò sọ iye ìgbà tí òun máa balẹ̀. Ó jiyàn náà bíi lọ́yà títí àǹtí mi fi jáde sí i, ló bá jókòó sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, mo tún gèlè náà dì fún un.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Jímọ̀, mo ti rí i pé àṣìṣe ńlá la ṣe. Bí Ẹ̀gbọ́n bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa kọbi ara sí i, torí pé ojoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Dídákẹ́ rẹ̀ ló ta àdúgbò jí. Ẹnìkan ní rọpárọsẹ̀ ni. Ẹnìkan ní Àǹtí Mujeebah ti lé e jáde. Ìyàwó alágbàdo wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, ẹ wo àbúrò ìyàwó tó ti jókòó tì í láti àná, ṣé ọ̀rọ̀ náà kò ti hàn. Èmi! Bí kì í bá ṣe ti Haleemah tó wà lófurufú, obìnrin yẹn ìbá ti máa ṣa àgbàdo rẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n gbé àgbo eyín wá. Ẹnìkan ti mọ́sáláṣí gbé omi àdúrà wá. Sylvester fọwọ́ kan èjìká Ẹ̀gbọ́n, ó ní, “Baba, abeg, na stroke? Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ ọsibítù.” Kó tó parí ọ̀rọ̀ náà, ọkùnrin méjì ti gbá Ẹ̀gbọ́n mú lápá.

Ọ̀jẹ̀túndé ká ìwé ìròyìn rẹ̀. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá Taoheed, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé yín?”

Mo tẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n létí. Ẹ̀bi tèmi ni ohun tó tẹ̀lé e, mi ò jiyàn. Mo ní, “Ẹ sọ nǹkan. Ohunkóhun. Kó ṣáà má jẹ́ ti Haleemah.”

Ẹ̀gbọ́n tú gèlè. Ó wò mí, ó wo òkè, ó ní:

“Mujeebah lóyún.”

Àǹtí mi ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀bù rántí ìyàwó Ànábì Ibrahim tó bímọ lọ́jọ́ ogbó, ló bá di àdúrà. Ọ̀rọ̀ tó ti há sí Ẹ̀gbọ́n láyà láti àná wá rí ibi gbà jáde. Ó ní ìdí tí òun fi dákẹ́ nìyẹn, ìtìjú ni. Ó ní oorun ń kun Mujeebah. Ó ní tó bá ti gbóòórùn ẹyin díndín, ó di dandan kó lọ bì. Mo mọ ibi tó ti rí ẹyin yẹn mú, ṣùgbọ́n kí ni mo lè sọ?

Kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ti kún ilé. Wọ́n gbé èso wá, wọ́n gbé ẹja wá, ẹnìkan gbé ìrọ̀rí wá. Àǹtí mi kò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Tó bá ní irọ́ ni, wọn yóò bi í pé irọ́ kí ni, kí ló ń bò mọ́lẹ̀. Ló bá jókòó, ó ń ṣe àmín sí àdúrà ìsọ̀kalẹ̀ ayọ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ti mọ́sáláṣí dé, àǹtí mi kò bá a jà. Ó kàn fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí balẹ̀ ná.”

Ọmọ náà balẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀hún ti di òwúrọ̀ Sátidé, ọ̀la wa ló ti ń pè wá. Ẹ̀gbọ́n tẹ spíkà, àwa mẹ́ta sì forí jọ lórí fóònù.

“Dádì, mo ti balẹ̀ o. Àmínù nìyí.” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Mọ́mì, ẹ̀yin lóyún? Bí mo ṣe tan fóònù báyìí ni mo rí i. Motọ́lání ọmọ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ló ń kí mi kú oríire lórí Wásáàpù.”

Irọ́ tó kúrò n'Ídí-Oró ní àárọ̀ Jímọ̀ ti bá bàálù lọ́nà, ó ti kọjá rẹ̀, ó ti ń dúró dè é ní Ọ́kílándì. Irọ́ Ẹ̀gbọ́n kò yà ní Dóhà.

Àǹtí mi gba fóònù, ó rò ó fún un pẹ̀lú èébú tí mi ò ní kọ síbí. Haleemah rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi bàbá rẹ̀ pé, “Tèmi wá ńkọ́, Dádì? Ta ló mọ̀?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

“Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ńkọ́?”

“Ìlọrin lo wà, lójú Ọ̀jẹ̀túndé.”

Haleemah ní, “Dádì, ẹ pa spíkà. Ẹ bọ́ síta.”

Ẹ̀gbọ́n jáde sí bàkónì, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn náà, àǹtí mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú. Nígbà tó wọlé, omi ti kún ojú rẹ̀, gèlè tó fi di eyín ló sì fi ń nù ún.

“Kí ló sọ?” àǹtí mi béèrè.

“Ó ní òtútù wà níbẹ̀,” Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Ká bẹ̀ ẹ́, ká halẹ̀ mọ́ ọn, ká wo ojú rẹ̀ lórí oúnjẹ, kò ju òtútù lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo Ìdí-Oró ti gbọ́ pé Haleemah ti wọ Ọ́kílándì. Ẹ̀gbọ́n ń fi ọwọ́ júwe òkun tí Haleemah fò kọjá fún Sylvester, ó ń ka Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ọgọ́ta fún Ọ̀jẹ̀túndé. Ara rẹ̀ ti padà sípò, mo sì padà sí Tejúoṣó. Àǹtí mi ló kù sínú oyún. Oṣù kan kọjá, oṣù míì kọjá, ojú àwọn obìnrin kò kúrò ní ìdí ìró rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn àánú kí i, wọ́n ní Ọlọ́run á fi òmíràn dípò. Ó ń dáhùn pé àmín, ó sì ń bọ́ iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀ Ẹ̀gbọ́n.

Ó tó oṣù márùn-ún tí Haleemah ti lọ, tó pè wá lórí fídíò lọ́sàn-án Àìkú kan. Ó dìde, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa. Ikùn rẹ̀ kún ojú fóònù. Àǹtí mi lọgun, ó sunkún, ó jó, ó wá jókòó, ó béèrè pé láti ìgbà wo.

“Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó kúrò nílé, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Dádì nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ tí mo balẹ̀ ni mo sọ fún wọn.”

Àwa méjèèjì yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀wà ló ń jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lọ. Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo ṣọ́ ẹnu yẹn, èmi tí wọ́n sọ̀rọ̀ mi láìdáa nítorí rẹ̀, èmi tí mo rò pé ẹ̀rù bàálù ni mo rí! Àǹtí mi, tó jẹ́ pé òun ni àwọn ọmọ náà ti ń sọ gbogbo nǹkan fún láti kékeré, fi etí ìró nu ojú. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, “Báwo lẹ ṣe mú un mọ́ra?”

Ẹ̀gbọ́n gbé síbí kalẹ̀. Ó ní, “Ọ̀nà rẹ̀ jìn ju ti Ọ́kílándì lọ.” Mo dárí jì í níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì sọ fún un.

Ọmọ náà dé, ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀lé e, ẹnìkan kò fi mí ṣọ́ nǹkan kan. Ọ̀jẹ̀túndé wo àwòrán náà, ó ṣírò oṣù lórí ìka, ó gbé ojú sókè.

“Bàbá Taoheed, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ẹ parọ́ fún wa nígbà náà.”

“Irọ́ kọ́,” Ẹ̀gbọ́n wí. “Oyún tí mo sọ nìyẹn, ó ti bí. Mi ò kàn sọ pápá tó máa balẹ̀ sí ni.”

Ó tẹ orí Ọ̀jẹ̀túndé wálẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó.